Kámẹ́rà Kò Fẹ́ Ariwo

"Ìyàwó mi, bí mo bá wúkọ́, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n á fagi lé ìdánwò rẹ?"

"Bí ìdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà á máa wò mí, á sì máa gbọ́ wa, olówó orí mi. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, tàbí tí ariwo bá sọ, ó parí nìyẹn."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Nítorí tìrẹ, màá gbé ikọ́ yìí mì bí òkèlè."

Nítorí ọkọ yìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìdánwò yìí nìkan ló kù.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi tówẹ̀lì dí ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó yá, kẹ́kẹ́ pa.

Ọkàn ìyàwó yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ọkùnrin yìí mà fẹ́ràn mi o!

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Bí aláìsàn tí ikọ́ ń dà láàmú bá ṣàdédé dákẹ́, kí ni olùtọ́jú máa kọ́kọ́ ṣe?"

Èyí rọrùn. Ó tẹ ìdáhùn: "Kó sáré lọ wò ó bóyá ó ń mí."

"Ẹ kú oríire. Ẹ ti yege."

"Mo yege o, olówó orí mi!" Kò tíì bojú wẹ̀yìn. "Ó yá, ẹ wúkọ́ báyìí!"

Kò sẹ́ni tó wúkọ́.