Ojú Ewé Kọkànlá

"Do you like your area?"

"Yes, sir," ni Ràhmát dáhùn.

Ọ̀gá Adékọ̀yà mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sísọ nínú yàrá kan ní Ìkòsí, kò sì tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ tó báyìí. Ó gbé ìwé pélébé tó fi ń kọ́ wọn. Fótókọ́pì tí kò ní páálí iwájú ni, ó rà á lójú títì ní Kẹ́tu.

"Mummy Aliyah, ẹ má dúró síbi yes. Ẹ fi because sí i. Ẹ fi although sí i. Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé. Ẹ la ẹnu, kí wọ́n fún yín ní máàkì." Ó ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn. "Níbo ni as a result yẹn wà?"

"Ojú ewé kọkànlá, sir."

"Ẹ rí i? Ẹ ń kàwé. Ẹnu ló kù."

Junaid, ọkọ rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, jókòó sẹ́nu ọ̀nà bó ti máa ń ṣe. Láti Ìsẹ́yìn ló ti fẹ́ Ràhmát wá, kò sì bi í rí pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Daddy Aliyah, ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ jù lára ìyàwó yín," ni Ọ̀gá Adékọ̀yà wí. "Wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọ dáadáa kì í ro ẹjọ́ lójú àgbà."

"Ẹ bá mi tú wọn lẹ́nu, Ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò yìí rèé. Brother mi ní London ní tí wọ́n bá tún fail, òun á fún ẹlòmíì níṣẹ́ tóun bá wọn wá níbẹ̀ yẹn."

Orúkọ Ràhmát nìkan ló wà nínú ìwé iṣẹ́ náà, òun nìkan ló sì máa lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kó aṣọ Aliyah, ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ sí yàrá tirẹ̀ kí ọmọ lè tètè mọ́ ọn lára.

"Ọdún márùn-ún kì í ṣe títí láé," ni ìyá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ràhmát dáhùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin tó ń bi í léèrè ní kó sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó ṣe pàtàkì sí i.

"My daughter."

"Why?"

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu Ràhmát. Ó gbé e mì.

"She is small."

Obìnrin náà dúró dè é títí, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, Junaid kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù, ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní London. Wọn ò pẹ́ lórí ìpè. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ Aliyah padà wá, ó da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ tí ò lẹ́nu," ló wí, ó pòṣé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ràhmát ká aṣọ ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan sínú àpótí, ó fi wọ́n bo ìwé pélébé kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, irú èyí tí Ọ̀gá Adékọ̀yà fi ń kọ́ wọn gan-an, àmọ́ tí páálí iwájú tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì hàn ketekete: Ràhmát Oyèṣọlá, Ìsẹ́yìn, orúkọ tó ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ.