Iná Ràn Mọ́ Kìnnìún Nírù

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, ẹnu ọ̀nà Kìnnìún ọba ló já sí. Ajá ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Kìnnìún ní kó lọ kọ́ iná pípa lókè odò. Ajá lọ, ó bọ̀, ebi ń pa á. Ó kọrin:

Mo rìn, mo kọ́ṣẹ́,
Tẹ̀rẹ̀nà.
Egungun mi dà?
Tẹ̀rẹ̀nà.

Kìnnìún ní, "Ẹnu ọ̀nà nìkan niṣẹ́ rẹ. Ta ní ń bọ́ arìnrìn-àjò?"

Lọ́jọ́ kan tí Kìnnìún ń yáná nínú ilé, iná ràn mọ́ ọn nírù. "Ajá, gbà mí o!"

"Kábíyèsí, ẹnu ọ̀nà nìkan niṣẹ́ mi. Ẹ gbé ìrù yín wá."

Kìnnìún sáré dé pẹ̀lú èéfín. Ajá pa iná náà, ó sì gba egungun ìrìn-àjò tí Kìnnìún fi dù ú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ránni níṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ rán ẹsẹ̀ tó rìn ín; ẹ bọ́ ọ.