Abọ́ Tó Dán Bíi Dígí

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọmọ.

Ọdún méjì ló ti fi ń kọ́ mi lórí fóònù. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé wa.

Ó kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wò ó, mo ti rù."

Mo wo nọ́ńbà ẹ̀. Bárakú mi ni.

Ohun tí ọmọ mi bá gbé mì, ikùn ẹ̀ á tún dá a padà sọ́fun. Ṣíbí kékeré ni mo fi ń bọ́ ọ, fún wákàtí kan gbáko. Mo máa ń wọ̀n ọ́n kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá jẹ tán.

"Àkẹ́jù ni," ni Àǹtí wí. "Bó bá jẹun lọ́wọ́ mi lónìí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé."

Ọkọ mi gbà.

Àǹtí gbé ọmọ àti abọ́ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. "Má wọlé o. Ojú ẹ ni kì í jẹ́ kó jẹun."

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi jáde. Abọ́ dán bíi dígí. Kò sí èébì lára aṣọ ọmọ.

"Ṣé o rí i?" ni Àǹtí bi ọkọ mi. "Ìyá ẹ̀ gan-an ni àìsàn ẹ̀."

Ọkọ mi ti ń di ẹrù ọmọ.

Mo gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Kò fi nǹkan kan wúwo ju ìgbà tí mo wọ̀n ọ́n kó tó wọ yàrá lọ.

"Òṣùwọ̀n ẹ ti bàjẹ́."

"Títún òṣùwọ̀n ṣe ni mo fi ń jẹun, Àǹtí. Ẹ̀yin náà, ẹ tún un gùn."

Ó kọ̀. Ọkọ mi ní, "Ẹ gùn ún."

Ó gùn ún. Ó fi odindi oúnjẹ abọ́ kan ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọkọ mi gbé báàgì jáde. Ti Àǹtí ni.

Mo bu oúnjẹ mìíràn. Ọmọ mi kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀.