Ẹni Tó Fi ext4 Síbi Tí Kò Yẹ

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni Modinat ti ń ya àwòrán ìwé. Fóònù ló tẹjú mọ́.

Nínú gúrúùpù àwọn tó ń fi Linux ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan tó fi orúkọ pamọ́ ń bẹ̀bẹ̀:

"Ẹ gbà mí! Mo fi ext4, ètò ìtọ́jú fáìlì Linux, sí abala tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣí. Kò ṣí mọ́, iṣẹ́ oníbàárà sì wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀rín sọ.

Modinat náà ò gbẹ́yìn: "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

Rájí ará Bàrígà ló ṣàánú: "Ètò FAT32 ni abala yẹn ń lò; ẹ fi síbẹ̀, kí ẹ tún gbé ohun tó ń ṣí kọ̀ǹpútà padà sínú ẹ̀. Iṣẹ́ yín ò sọnù."

Ọ̀gá yọjú. "Modinat, ìwé ìpè ìgbéyàwó oníbàárà yẹn ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, sà!"

Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó kọ̀ tí kò ṣí láti àárọ̀ mọ́ra, ó ṣe bí Rájí ṣe wí.

Ó ṣí.

Ó tún fi orúkọ pamọ́, ó kọ ọ́ sí gúrúùpù: "Ẹ ṣé o, Ọ̀gá Rájí. Àmọ́ Modinat yẹn, ẹnu ẹ̀ mà burú o!"