Abẹ́rẹ́ Àwọ̀n Tí Tàófíìkì Jù Nù

Tàófíìkì ọmọ Mùsílíù kì í jalè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: ibi tó ti wá ń tì í lójú. Apẹja ni bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í ní iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, á ní òwò ni, á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ti Tàófíìkì tiẹ̀ tún yàtọ̀, kò júwe rẹ̀ rárá.

Eré orí ìtàgé ló wù ú, bàbá rẹ̀ kò sì bá a jiyàn. Bàbá náà mú un lọ sọ́dọ̀ Hasanat, àbúrò tirẹ̀ obìnrin, ní Ipakodo, kó lè máa ti ibẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Fàósátù ní Ìkòròdú. Obìnrin yìí ti ṣeré fún ọgbọ̀n ọdún kí orúnkún tó ní kó wá jókòó. Kò fún àwọn ọmọ tuntun ní ìwé kankan. Ó ní kí kálukú mú ohun kan wá láti ilé, ohun tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wọ òun lára jù ni yóò kó ipa tó tóbi jù nínú eré tó ń bọ̀.

Inú Mùsílíù dùn nígbà tí Tàófíìkì wá sí Ẹ̀pẹ́ wá sọ fún un. Ó mú abẹ́rẹ́ onígi tí bàbá tirẹ̀ fi ń hun àwọ̀n jáde, ó fọ̀ ọ́, ó fi áńkáṣíìfù wé e. Ó fi ìka tọ́ ọmọ rẹ̀ sí ìdí igi náà, níbi tó ti jinnú díẹ̀.

“Ojú eyín bàbá mi nìyẹn. Bọ́wọ́ rẹ̀ bá dí, ẹnu ló fi ń dì í mú. Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, Ìyìnolúwa tó ń gbé ní ẹ́sítéètì mú aago ọwọ́ wá, èyí tí wọ́n fún bàbá àgbà rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Aago náà ń dán. Tàófíìkì délé, ó gbọ́ òórùn ẹja lára abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì jù ú sórí ààtàn ẹ̀yìnkùlé Hasanat. Ó lọ ra gègé ìkọ̀wé àtijọ́ kan lórí tábìlì àlòkù lọ́jà.

Nígbà tó kàn án, ó ní ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá òun, gègé yìí ló sì fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ó sọ ọ́ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àǹtí Fàósátù gba gègé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Tàófíìkì, ṣé gègé yìí tiẹ̀ ti sun ilé yín rí?”

“Ó ti pẹ́ níbẹ̀, mà.”

“Ó dáa. Wàá tún un sọ lójú àwọn òbí ní Sátidé. Bó o bá fẹ́ pààrọ̀ ìtàn, àyè ṣì wà.”

Kò pààrọ̀ ìtàn, kò sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé wọ́n pe àwọn òbí. Hasanat ló fi ayọ̀ sọ ọ́ fún un lórí fóònù. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ti Tàófíìkì ò tilẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń ròyìn ọ̀gá ilé ìwé lọ́wọ́ ni Mùsílíù wọlé pẹ̀lú jalabíà Jímọ̀ rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan dání. Ó jókòó lẹ́yìn. Ó gbọ́ ọ tán.

Àǹtí Fàósátù kí i káàbọ̀, ó béèrè èwo lọmọ rẹ̀ nínú wọn. Mùsílíù wo Tàófíìkì. Tàófíìkì wo gègé ọwọ́ rẹ̀. Bàbá náà dúró díẹ̀, bóyá ọmọ á sọ̀rọ̀.

“Mi ò lọ́mọ níbí, mà,” ló wí. “Ẹja ni wọ́n ní kí n gbé wá.”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó kí gbogbo ilé, ó jáde. Kì í ṣe ìbínú ló fi sọ ọ́. Kò fẹ́ kójú ti ọmọ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ ni, ohun tó sì dun Tàófíìkì wọ egungun nìyẹn. Nígbà tí yóò fi sáré dé gáréèjì, ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti lọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó padà wá jẹ́wọ́ fún olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Obìnrin náà fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún lójú, kò sì jágbe mọ́ ọn.

“Ìtàn apẹja la fẹ́ fi ṣeré tó ń bọ̀,” ló sọ fún un. “Mo rí àpá okùn àwọ̀n lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́ tó o dé. Ìwọ ni mò ń dúró dè. Festus ẹlẹgbẹ́ yín ló máa ṣe é báyìí.”

Tàófíìkì lọ tú ààtàn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn akólẹ̀ ti kó o lọ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àǹtí Fàósátù mú Festus lọ sí Ẹ̀pẹ́ kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun àwọ̀n, ó ní kí Tàófíìkì sin wọ́n lọ. Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní kó dárí ji òun, ó ní abẹ́rẹ́ ti sọnù. Mùsílíù na ọwọ́ sí i.

“Dìde,” ló wí. “Ṣé o ti jẹun?”

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó ti Festus, ó ń kọ́ ọ bí ọwọ́ àti okùn ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́. Tàófíìkì ló ń bá wọn di etí àwọ̀n mú. Abẹ́rẹ́ tuntun ni bàbá rẹ̀ gbẹ́, funfun báláú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ó fi eyín dì í mú, ó sì tún yọ ọ́. Tàófíìkì tẹjú mọ́ ìdí igi náà. Kò tíì sí ojú eyín kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò fara sin. Ẹ má ṣe tìtorí aago ẹlòmíì sọ abẹ́rẹ́ ilé yín nù. Òbí lè dárí jì yín kẹ́ ẹ tó dìde nílẹ̀, òun náà ni yóò sì bu oúnjẹ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ bàbá ńlá fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń rà lórí tábìlì lọ́jà. Ohun tó ń tì yín lójú nílé lè jẹ́ ohun náà gan-an tí ayé ń dúró láti gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé bàbá yín, nígbà tí bàbá ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí yín.