Nọ́ńbà Ara Ìbọn Kì Í Ṣe Ọdún Ogun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á títí ọ̀rọ̀ fi máa tán, torí ìparí ẹ̀ ló dùn mí jù.

Dàpọ̀ Fálolú, aránṣọ ni l'Ókè-Àje, n'Ìjẹ̀bú-Òde. Tó bá dọ̀rọ̀ agbádá, ọwọ́ ẹ̀ dá ṣáṣá. Láti Èkó làwọn èèyàn ti ń wá rán aṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Àmọ́ oyè ló wà lọ́kàn ẹ̀. Olórí ẹbí wọn ní Ayépé ti kú, àwọn àgbà sì ti ní àtọmọdọ́mọ ẹni tó ja ogun Ìmagbọ́n làwọn máa fi rọ́pò. Ernest, ìbátan ẹ̀ láti ẹ̀ka ẹbí mìíràn, náà ń du ú.

Bí Dàpọ̀ ṣe tú àpótí bàbá ẹ̀ àgbà nìyẹn, ló bá rí ìbọn ìléwọ́ kan, irú èyí tí ibi tí ọta ń wọ̀ máa ń yí. Ó nù ún, ó rí nọ́ńbà: 1892. Háà! Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni ò mọ ọdún tí òyìnbó gbógun tì wá ní Ìmagbọ́n? Dàpọ̀ bú sí ijó. Ó ní ọwọ́ ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá ńlá òun ti já a gbà. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ayépé ti gbọ́.

Mọ́ṣádé ìyàwó ẹ̀ ló ní kó kọ́kọ́ gbé e lọ han Bàbá Gbàdàmọ́sí, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé ìbọn ló ń tọ́jú ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Bàbá fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà kúrò. Ó ṣàlàyé pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọdún rárá. Bí ìbọn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n ló ń tọ́ka sí. Ó wá fi àwọn lẹ́tà òyìnbó kan hàn án tí wọ́n lù sára ibi róbótó tí ọta ń wọ̀, tó sọ pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ìbọn náà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ogun Ìmagbọ́n ti tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu irú ọ̀rọ̀ yẹn sára ìbọn.

"Dàpọ̀, gbé e fún ọlọ́pàá, kó o panu mọ́. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé nọ́ńbà lásán ni."

"Ẹ ṣé, sà," ni Dàpọ̀ wí. "Ìbọn Ìmagbọ́n ni."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ṣé ẹ rí i? Wọ́n fi ọ̀nà àbáyọ hàn án, ó kọ̀ ọ́. Ó délé, ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin, ó ń ha àwọn lẹ́tà yẹn dànù. Wọ́n lù ú wọlé jìn, òun náà ha á jìn. Ó fi 1892 sílẹ̀. Mọ́ṣádé bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́.

Nígbà tí ẹbí pé, Ernest yẹ ìbọn náà wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, kò lè dún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ká Dàpọ̀ lára. Ó kó ọta tó bá nínú àpótí yẹn sí i, ó nà án sókè, ó sì yìn ín. Ibi tó ti ha ti fẹ́lẹ́ jù, ló bá bú gbàmù. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lọ, ìka méjì tẹ̀ lé e.

Ernest ló joyè. Ọlọ́pàá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Dàpọ̀ wà lọ́sibítù, torí kò níwèé àṣẹ ìbọn. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ọkùnrin yìí ṣì gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè.

"Ọdún Ìmagbọ́n ló wà lára ẹ̀. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Mọ́ṣádé wò ó. "Bàbá Ṣèyí, ta ló máa wá máa bá yín fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́?"



Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí mi kó bínú, màá sọ ọ́. Àwọn tó jà ní Ìmagbọ́n ò nílò irọ́ wa. Tẹ́ ẹ bá bá ìbọn nínú àpótí àwọn bàbá yín, ẹ má kó ọta sí i, ẹ má ha nǹkan kan lára ẹ̀, ẹ gbé e fún ìjọba. Tẹ́ni tó mọ̀ bá sì sọ òótọ́ fún yín, ẹ gbà á, bó tiẹ̀ korò. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa bá a.