Àwọ̀ Ìgbà Ìrúwé ní Ṣọ́ọ̀bù Abẹ́ Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ló dé etí Da-rim láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó ká aṣọ kúrò lórí tábìlì àtíkè. Àkọ́kọ́ wá láti ẹnu ìyá rẹ̀ ní Andong, lórí fóònù.

"Ìyá ọmọkùnrin kan máa wá wò ẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kò ní sọ pé òun ni o. Á kàn ṣe bí oníbàárà ni. Jọ̀ọ́, ṣọ́ ẹnu ẹ."

"Màámi, mi ò wá ọkọ."

"Ta ló bi ẹ́? O ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àbúrò ẹ ti bí méjì."

Ẹnu Ọ̀gá Gwak, tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù náà nínú ọjà abẹ́ ilẹ̀ Daegu, ni ìkejì ti wá. Olú ilé-iṣẹ́ ń rán olùyẹ̀wò kan bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Òun náà á ṣe bí oníbàárà. Bí ohun tí olùyẹ̀wò náà bá kọ nípa rẹ̀ bá dára, Da-rim ni wọn yóò fi ṣe ọ̀gá ẹ̀ka tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣí létí òkun ní Gangneung.

"Mo ti sọ tèmi fún wọn," ni Gwak wí. "Ó ku ọwọ́ obìnrin yẹn."

Ọdún mẹ́jọ ni Da-rim ti fi ń kun ojú olójú lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó fẹ́ ipò náà débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bó bá ti rántí rẹ̀. Ọkọ ò sí lára ohun tó ń wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì aláwọ tó dára. Kò wo ọjà. Bàtà Da-rim ló kọ́kọ́ wò, ó wo èékánná rẹ̀, ó wá wo irun rẹ̀. Da-rim sọ nínú ara rẹ̀ pé ìyá ọkọ ti dé.

"Kí ni wọ́n ń kùn nígbà ìrúwé ọdún yìí?" ni obìnrin náà bi í.

Da-rim na ọwọ́ sí pupa kíkankíkan tó ṣẹ́kù láti ìgbà òtútù. "Èyí náà ni, Mà." Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù, ó sì fà á láti ẹ̀gbẹ́ imú títí dé etí, lọ́tùn-ún lósì. Kò gbé dígí fún un títí ó fi ṣe tán.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kùn ún nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Mà. Ẹni tí kò bá tíì pọ́n, kò tíì kun nǹkan kan."

Obìnrin náà wo dígí fún ìgbà díẹ̀. Kò bínú. "Ìwọ àtàwọn àgbà, ṣé ẹ máa ń gbọ́ra yín yé?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èmi àti àgbà kan ò tíì rẹ́ rí."

"Ṣé o máa ń tètè jí?"

"Tó bá ti rẹ oòrùn, mo máa ń dìde."

"Bí wọ́n bá ní kí o wá gbé ibi tó jìnnà sí àwọn èèyàn ẹ ńkọ́?"

"Àfi kí wọ́n fi okùn wọ́ mi, Mà."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì jáde. Inú Da-rim dùn. Orin ló ń kọ bó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ìkejì dé, ó wọ súwẹ́tà eléérú, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè iye ọjà kan, ó kọ ọ́. Ó wo Da-rim, ó tún kọ nǹkan. Da-rim sọ nínú ara rẹ̀ pé olùyẹ̀wò rèé. Ó fa àga fún un, ó sì fi omi gbígbóná fọ ọwọ́.

"Ìgbà ìrúwé ọdún yìí ò fẹ́ ariwo, Màmá." Ó rẹ fóòmù kékeré sómi, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó sì fi tẹ àtíkè fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lójú. "Ẹ má fà á. Títẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́." Ó fi àwọ̀ èso píìṣì sí abẹ́ ojú gan-an, kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àárín ètè nìkan ló kùn, ó wá fi ìka pa á síta títí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ ibi tó parí sí. "Ẹ wò ó, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú atẹ́gùn òwúrọ̀ wọlé."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní sùúrù báyìí, ọmọ mi?"

"Ìyá mi ni, Màmá."

Ó kọ ọ́. "Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ? Aago mélòó?"

Ìbéèrè náà ṣàjèjì, ó jọ ti ẹni tó fẹ́ fi wákàtí ìbí wo bóyá tọkọtaya á bára mu, ṣùgbọ́n Da-rim ti gbọ́ pé àwọn olùyẹ̀wò máa ń béèrè ohun tí kò kàn wọ́n, kí wọ́n lè rí i bóyá èèyàn á fajú ro. Ó dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ṣé o ń jẹun? Ọwọ́ ẹ tutù."

"Tí mo bá ti rí oníbàárà bíi tiyín, mo ti yó, Màmá."

Obìnrin náà kọ ìyẹn pẹ̀lú, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Gwak ti yàrá ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Da-rim tún ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Kí lo ṣe fún obìnrin yẹn, Da-rim?"

"Kí ló sọ?" Da-rim fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

"Ó ní òun ò tíì rí irú ẹ rí. Ọjọ́ Àìkú ló ń mú ọmọ ẹ̀ bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà rú Da-rim lójú. Irú ọmọ wo ni obìnrin yẹn bí, tí ìyá rẹ̀ á fi gba irú ìyà yẹn mọ́ra nítorí àtirí ìyàwó fún un?

Fóònù ṣì wà létí rẹ̀ nígbà tí Gwak tẹ́ ìwé olú ilé-iṣẹ́ síwájú rẹ̀, tó sì fi ìka kan àwòrán tí olùyẹ̀wò lẹ̀ mọ́ ọn fún ẹ̀rí, ojú obìnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó pọ́n láti ẹ̀gbẹ́ imú títí dé etí.